Erin Mẹ́rìnlá, Ọwọ́ Kan

Láti Voi títí dé ibi tí ilẹ̀ Taita ti pàdé ilẹ̀ Tanzania, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè fi téèpù wọn igi bíi tèmi. Ẹgbẹ̀rún igi lóòjọ́. Ẹ̀gún kì í gún mi, ẹ̀gún ló máa ń yà fún mi. Tí mo bá wọ aṣọ olùṣọ́ igbó mi, tí mo gba iwájú ilé ìránṣọ kọjá, ogójì obìnrin ló máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn lọ́wọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni Mghoi, òun nìkan sì tó ogójì.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Righa ni orúkọ mi. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mo ké bíi pé àwa mẹ́ta la jọ wá. Mi ò mọ̀ pé àbùmọ́ lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, títí Nyambu fi kú.

Nyambu ni ẹ̀gbọ́n Mghoi, òun sì ni ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló bá abúlé wa, Mlambenyi, ṣe àdéhùn: a ò gbọdọ̀ gé igi, a ò gbọdọ̀ sun èédú. Àwọn oníṣòwò ńláńlá tí ń tú èéfín lókè òkun á máa sanwó fún wa, torí igi wa ló ń bá wọn gbé èéfín ọ̀hún mì. Owó yẹn ló kọ́ táǹkì omi wa, òun ló ń rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun náà ló kọ́ ilé ìránṣọ tí Mghoi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi àti Nyambu ni ká wọnú igbó lọ́dọọdún, ká wọn igi inú pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń sanwó lè mọ̀ pé igi ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi á ta téèpù yí igi ká níbi tó ga dé àyà mi, màá ké iye rẹ̀ síta. Nyambu á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún un ké padà kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́.

"Mẹ́tàlélógójì."

"Mẹ́tàlélógójì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń dá ara wa lóhùn látàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, bí ẹyẹ méjì.

Nyambu kú sábẹ́ igi osè ńlá tó wà ní pulọ́ọ̀tì kẹtàdínlọ́gbọ̀n, lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Erin ló pa á. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo abúlé pé síwájú ilé tí wọ́n ti ń ta tíì, wọ́n ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú gbogbo wọn wà lára mi, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní erin mẹ́rìnlá ló yọ sí wa. Mo ní mo ṣí fìlà mi, mo fi ń nà wọ́n, mo lé gbogbo wọn títí dé ojú irin. Mo ní nígbà tí mo máa fi padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn èèyàn ń mi orí. Bàbá Nyambu nìkan ni ò mi tiẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀.

"O fi fìlà lé erin mẹ́rìnlá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lọ́kùnrin. O ò wá lè lé erin kan kúrò lára rẹ̀."

Ó dìde, ó sì lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kí mi mọ́.

*

Wọ́n fún mi ní ẹnìkejì tuntun, Malemba, ọkùnrin kan tó máa ń sun oorun lórí ìdúró bí ẹṣin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ igbó, mo ta téèpù, mo ké, "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Malemba ké e padà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan tún un ké lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Èmi ni."

"Lẹ́yìn tìẹ."

Malemba wo ẹ̀yìn, ó wo mí. "Bọ̀dá Righa, ṣé ẹ ti jẹun?"

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní gbogbo pulọ́ọ̀tì. Nígbà tí a wá dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, ohùn náà ò ké iye kankan. Ó kàn ní, "Righa, na ọwọ́." Mo ju téèpù sílẹ̀. Mo sọ fún Malemba pé mo rí paramọ́lẹ̀ tó gùn tó ilé ìjọsìn, a sì fi igi osè yẹn sílẹ̀ láìwọ̀n.

*

Oṣù méje lẹ́yìn ìsìnkú ni Mghoi kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Nídìí táǹkì omi ni. Ó ti gbé jálá rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, omi ń ṣe tó, tó, tó.

"Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Erin mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlá."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o sọ fún àwọn ará ilé ìránṣọ wa pé mẹ́tàdínlógún ni."

"Àwọn mẹ́ta yẹn wà lẹ́yìn. Wọn ò tíì dé tán."

Ó wò mí. Mo rò pé ó máa da omi sí mi lára. Ẹ̀rín ló bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jalè, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. "Mi ò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà yẹn," ó ní. "Má sọ fún bàbá mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí obìnrin yẹn fi ojú mi rí. Mi ò jẹun fún oṣù mẹ́ta. Ó dáa, mo jẹ kimanga díẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà tí a gún pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo máa ń rin máìlì ogún láti wá bu omi ní táǹkì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Tí ó bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wọn igi kan tí wọ́n ti wọ̀n nígbà mẹ́jọ.

"Igi yẹn ò tíì sanra," á ní.

"Mò ń retí ẹ̀ka kan."

Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ó fi aṣọ tó ṣẹ́kù níbi ìránṣọ rán fìlà tuntun fún mi. Ó ní kí n má fi í lé erin o, òwú rẹ̀ ò lágbára. Àmọ́ tí ẹ̀rín bá ti tán, á tún béèrè, ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Righa. Mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á kọjá. "Mélòó ni?"

"Mẹ́fà. Ṣùgbọ́n wọ́n tóbi gan-an."

"Àwọn àgbà ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin," ó ní. "Wọn ò ní ká máa sìn ín bí adìyẹ."

*

Mo rán àbúrò ìyá mi lọ tọrọ Mghoi. Mwalimu Mwakisha ni wọ́n ń pè é, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé kò sí ohun tí gírámà ò lè tú. Ó gbé akèrègbè ọtí ìrèké lórí, mo tẹ̀ lé e, mò ń nu òógùn ojú. Ẹ̀rù kì í bà mí, oòrùn ló mú.

Lọ́dọ̀ wa, ìbínú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Inú ọkàn ló ń gbé bí ẹyin ejò, ó sì lè pa ọmọ nínú aboyún láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Nítorí náà, kò sí bàbá tó máa fi ọmọ fọ́kọ láì kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń bí i nínú, kó bu ọtí sẹ́nu, kó sì fọ́n ọn síta bí ìrì. Bí ọtí bá jáde, ìbínú ti jáde nìyẹn. Pásítọ̀ wa náà máa ń ṣe é, omi ló máa ń fi ṣe tiẹ̀.

Bàbá Nyambu gbà wá sábẹ́ igi tó wà nínú àgbàlá rẹ̀. Ó gbọ́ gírámà Mwalimu títí ó fi tán. Ó gba igbá.

"Mo ń bínú sí erin," ó ní. Ó bu ọtí sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. A dúró. Ọ̀fun rẹ̀ mì.

"Ó lọ sísàlẹ̀," ó ní, ó sì wo igbá náà bíi pé igbá ló ṣe é. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì."

A padà lọ lẹ́yìn ìkórè. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó ní, "Mo ń bínú sí ilé-iṣẹ́ tó ti igbó mọ́ wa. Erin ń pọ̀ síi, ọmọ wa ń dín kù." Ó bu ọtí sẹ́nu, ó pa ojú dé, òógùn bò ó. Ọ̀fun rẹ̀ tún mì. Ó gbé igbá fún Mwalimu.

"Mi ò lè fún un lọ́mọ," ó ní. "Inú tó ń bí mi kò gbà láti jáde. Ẹ fẹ́ kí Mghoi máa sin òkú ọmọ ni?" Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí: "Mo ti bá oníṣòwò èédú kan láti Mombasa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá gé igi orí ilẹ̀ mi. Ibi tí Nyambu kú sí, mo fẹ́ kó di eérú."

Ilẹ̀ Bàbá Nyambu ló wà ní àárín igbó wa, bí èkùrọ́ nínú ẹyìn. Bí wọ́n bá jó o, àdéhùn gbogbo abúlé ti dàrú. Lójú ọ̀nà, Mwalimu ò fọ gírámà kankan mọ́. "Fẹ́ ẹlòmíràn," ó ní.

*

Lọ́jọ́ kejì, Mghoi dúró dè mí nídìí táǹkì. Kò gbé jálá wá.

"Ó máa ń wá sójú oorun mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn dúró sílẹ̀, á na ọwọ́ sókè báyìí, á máa wò mí bíi pé mo wà lókè ibì kan. Righa, kí ló ń wá?"

Ẹnu mi, tó ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, gbẹ bí awọ.

"Mélòó ni?" ó bi mí.

"Mẹ́ta."

"Ṣé o mọ ìdí tí ọtí ò ṣe jáde lẹ́nu bàbá mi? Èèyàn ò lè fọ́n ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìwọ lo fún un ní erin mẹ́rìnlá pé kó máa bínú sí, ó sì ń wá wọn láti ọdún méjì." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ràn. Lọ gbé ọtí wá lẹ́ẹ̀kẹta. Tí o bá tún gbé erin wá pẹ̀lú rẹ̀, má wò mí lójú mọ́."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a tún wà lábẹ́ igi inú àgbàlá Bàbá Nyambu. Mghoi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mwalimu ti bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ wa yìí, akọni, ẹni tó fi fìlà lásán..."

Bàbá Nyambu gbé igbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bu ú sẹ́nu," mo ní. "Ọ̀kan ni."

"Kí ni ọ̀kan?"

"Erin. Ọ̀kan ni. Abo. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì ju ewúrẹ́ ńlá lọ."

"Righa, jókòó," Mwalimu ní.

"Fi í sílẹ̀," Bàbá Nyambu ní.

Mo wá sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan kún un, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé mo bọ́ra sí ìhòòhò láàárín ọjà. Mo sọ pé Nyambu ní ebu èédú kan nídìí igi osè náà. Ó fẹ́ fẹ́ ìyàwó, kò ní màlúù ìdána, ó ń sun èédú ní ìkọ̀kọ̀ láti fi rà á. Mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti mọ̀, ọ̀rẹ́ mi ni, mo pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ sọ fún un pé àwọn alábẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó yáa bo ebu náà. A jókòó, a ń jẹ ẹ̀gẹ́ sísun, a ń rẹ́rìn-ín. Èéfín ò jẹ́ ká gbóòórùn ohun tó ń bọ̀.

"Àwọn tó ń kó oyin ti kan èèkàn mọ́ ara igi osè yẹn," mo ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gùn ún. Mo yára. Ìyẹn kì í ṣe àbùmọ́, Bàbá, mo yára ju ọmọ yín lọ. Ebu ti jó o ní àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò lè di èèkàn mú dáadáa. Ó wà nísàlẹ̀ mi. Ó ní, 'Righa, na ọwọ́.'"

Adìyẹ kan gba àárín wa kọjá.

"Ṣé o nà án?" Bàbá Nyambu bi mí.

"Rárá. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi di igi mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fìlà mi já bọ́ sílẹ̀, erin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú Nyambu. Ibi tí fìlà mi bá erin dé nìyẹn."

Mo rò pé ọkùnrin náà á gbé ọ̀pá. Mi ò ní sá.

"Ọwọ́ wo ni ì bá jẹ́?" ó ní.

"Ọ̀tún."

"Gbé e wá."

Mo na án sí i. Ó dì í mú, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo eyín màlúù tó fẹ́ rà. Ó wá sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí mi.

"Mo ń bínú sí ọwọ́ yìí. Mo ń bínú sí Nyambu tó ń sun igi mi lẹ́yìn mi. Mo ń bínú sí ara mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní màlúù méjì kí òun fi fẹ́ ìyàwó, mo ní kó lọ wá tiẹ̀ bíi ti ọkùnrin." Ohùn rẹ̀ já. "Kó jáde. Kó má bá ọmọ ọmọ mi kankan."

Ó bu ọtí sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Mo wo ọ̀fun rẹ̀, Mwalimu wo ọ̀fun rẹ̀, mo rò pé adìyẹ náà wò ó. Ó fọ́n ọn. Ọtí náà bà mí lọ́wọ́, ó tutù, ó ta sí mi lójú. Ó tún bu ú, ó tún fọ́n ọn. Ìkẹta ni ẹkún dà pọ̀ mọ́.

Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn rẹ," ó ní.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Abo màlúù tí kò tíì bímọ ni màá kọ́kọ́ gbà. Dúdú. Má mú mẹ́rìnlá wá bá mi. Mú ọ̀kan tí mo lè fọwọ́ kàn."

Ó ránṣẹ́ sí oníṣòwò èédú náà pé kó má wá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tẹ ìka sí àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ wọn igi osè yẹn àfi èmi. Lọ́dọọdún, kí n gùn ún dé èèkàn tí mo wà níjọ́ náà, kí n pa ojú dé, kí n na ọwọ́ sísàlẹ̀.

*

Ẹ ò béèrè Mghoi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ogójì ọjọ́. Ó dáa. Mọ́kànlá. Mo ti ra màlúù, mi ò mọ̀ bóyá màá rí ìyàwó. Màlúù náà wò mí bíi pé òun náà ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo bá a nídìí táǹkì.

"Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nísàlẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé o máa na ọwọ́?"

Ẹ ò mọ iye ọ̀rọ̀ tó sáré wá sí mi lẹ́nu. Màá fò sílẹ̀. Màá gbé erin náà lórí. Mo gbé gbogbo wọn mì.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀."

Ó pa ẹ̀rọ nígbà tí jálá ti kún tó ń dà sílẹ̀. "Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ tí mi ò ní pín sí mẹ́rìnlá," ó ní. "Bá mi gbé omi."

Mo gbé e. A ṣègbéyàwó lẹ́yìn òjò.

Ó fi ilé ìránṣọ sílẹ̀, ó di ẹnìkejì mi nínú igbó. Èmi á ké iye, òun á ké e padà, àwa méjèèjì á sì dúró díẹ̀, láìwo ara wa, láti gbọ́ bóyá ẹnìkẹta máa sọ ọ́. Nígbà míì, ó máa ń sọ ọ́. Mghoi náà ti ń gbọ́ ọ báyìí. Kì í bẹ̀rù. Á kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, a fi pulọ́ọ̀tì kẹtàdínlọ́gbọ̀n ṣe ìkẹyìn. Koríko ti bo ibi tí ebu wà. Mo gùn ún dé èèkàn kẹta, mo fi ọwọ́ òsì di igi mú, mo na ọ̀tún sísàlẹ̀, mo pa ojú dé gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ní.

Ọwọ́ kan dì í mú. Ó gbóná. Ó wúwo. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, ó ní àpá bí ibi tí iná ti jó rí.

"Mghoi," mo ní, "rọra, wàá fà mí bọ́."

"Kí lo wí?" Mghoi dáhùn. Ẹ̀yìn igi ló ti dáhùn, níbi tó ti ń ta téèpù.

Mi ò la ojú. Mo fà á. Mo fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní, títí ìwúwo náà fi kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ lè yọ mẹ́tàlá kúrò nínú mẹ́rìnlá, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, ọ̀kan ni. Ẹ má yọ ọ́.